Eyín dídùn kì í dúró de òpin oṣù: ohun tó ń sọ ìtọ́jú rẹ̀ di ọ̀wọ́n àti ọ̀nà tí a lè gbà san án

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan gbogbo ilé, nítorí kò sílé tí eyín kì í ti í dun èèyàn. Ṣùgbọ́n àìsàn tí a máa ń fojú kéré ni. A ó ní, "Eyín lásán ni, á lọ." A ó fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, a ó ra hóró oògùn méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, a ó sùn. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tán, tí ojú fẹ́ dí, la ó wá máa sáré wá owó kiri. Owó tí a ń wá nígbà náà kì í ṣe owó eyín mọ́, owó ọ̀pítàlì ni.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ọjọ́ àkọ́kọ́ tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í ta wá ni owó rẹ̀ kéré jù. Gbogbo ọjọ́ tí a bá fi dúró ń fi owó kún un. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń sọ ọ́ di púpọ̀, kó mọ ibi tí yóò lọ, kó mọ ohun tí yóò bèèrè, kó sì ti mọ ibi tí owó á ti wá kí ìrora tó dé.

Báwo ni ihò kékeré ṣe ń di owó ńlá?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé kòkòrò ló ń jẹ eyín. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò tí ojú lè rí. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń gbé inú ẹnu gbogbo wa ni. Bí a bá jẹ ohun dídùn, ṣúgà tó kù lára eyín ni oúnjẹ wọn, wọ́n á sì sọ ọ́ di ohun kíkan tó ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ki ewé bọ ẹnu yín lọ́jà, tó wá fi aràn funfun hàn yín pé òun lòun yọ jáde, ẹ̀tàn ni. Owó yín lọ, ihò náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìpele mẹ́rin ni eyín tó ń bàjẹ́ máa ń gbà kọjá.

Ìpele kìíní: ihò ti yọ, ṣùgbọ́n kò tíì jìn. Bí omi tútù tàbí ohun dídùn bá kàn án, á ta yín, kò ní pẹ́ tí á dáwọ́ dúró. Dókítà eyín á gbẹ́ ibi tó bàjẹ́ kúrò, á sì dí i. Ohun tí a ń pè ní plombage nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa lọ.

Ìpele kejì: ihò ti dé ibi tí iṣan wà nínú eyín. Ìrora á máa wá fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ jẹ nǹkan kan, pàápàá lóru, ẹ ò ní lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Dídí lásán kò tó mọ́. Ó di ọ̀kan nínú méjì: kí dókítà yọ iṣan náà, kó fọ inú gbòǹgbò mọ́, kó sì dí i pa, èyí tí wọ́n ń pè ní dévitalisation, tàbí kó yọ eyín náà dànù. Dévitalisation máa ń gbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó ń fẹ́ radio, ó sì lè jẹ́ pé eyín ẹ̀yìn máa nílò adé tí wọ́n fi ń bò ó lẹ́yìn náà, ìyẹn couronne.

Ìpele kẹta: iṣan ti kú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí ìrora lè dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kódà fún ọ̀sẹ̀. Wọ́n á ní eyín ti san. Kò san rárá o. Ọyún ló ń gbára jọ nídìí gbòǹgbò. Ìgbà tó bá tún dìde, ẹran ìdí eyín á wú, ẹnu á máa rùn, ẹ ò sì ní lè fi eyín kan eyín.

Ìpele kẹrin: ọyún náà ti kúrò nídìí eyín, ó ti wọ inú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ti abẹ́ àgbọ̀n, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Àwọn dókítà ń pè é ní cellulite. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àga dókítà eyín nìkan mọ́: bẹ́ẹ̀dì ọ̀pítàlì ni, omi tí wọ́n ń fà sí iṣan ara ni, abẹ láti la ibẹ̀ kí ọyún lè jáde ni, pẹ̀lú ọjọ́ púpọ̀ tí ẹnì kan nílé kò ní ṣiṣẹ́ nítorí pé òun ló ń ṣọ́ aláìsàn. Ó sì ń pa èèyàn, nítorí wíwú ọrùn lè dí ọ̀nà èémí.

Ṣé ẹ rí i pé eyín kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn àmì tí kò gbọdọ̀ dúró de owó

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ gbéra lọ sí ọ̀pítàlì lójú ẹsẹ̀, bó jẹ́ ọ̀sán, bó jẹ́ òru:

- ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń wú kíákíá, tàbí tí wíwú náà ti dé ojú tàbí ọrùn;
- ẹnu tí kò ṣe é là dáadáa mọ́;
- itọ́ tí kò ṣe é gbé mì, tàbí ohùn tó yí padà;
- èémí tó nira;
- ibà pẹ̀lú wíwú, tàbí kí ara máa gbọ̀n;
- ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín, bẹ́ẹ̀ ẹ ti fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, aboyún, ọmọdé àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le gbọ́dọ̀ yára ju àwọn tó kù lọ. Kí ẹnì kan máa gbé aláìsàn lọ, kí ẹlòmíì jókòó sílé máa pe ẹbí fún owó. Iṣẹ́ méjèèjì lè lọ pa pọ̀. Ohun tí kò dára ni pé kí gbogbo ilé jókòó títí owó á fi pé kí wọ́n tó gbéra.

Ohun mìíràn tí kì í dúró ni eyín tó yọ pátápátá nítorí ìṣubú tàbí jàǹbá. Bó bá jẹ́ eyín àgbà, kì í ṣe eyín ọmọdé tó máa padà hù, ó ṣe é dá padà sí àyè rẹ̀. Ẹ mú un níbi tí a fi ń jẹun, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀, ẹ má ha á, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bó bá dọ̀tí, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án wéré. Bí ẹ bá lè tì í padà sínú ihò rẹ̀, ó dáa. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ fi í sínú wàrà, ẹ sì sáré lọ bá dókítà eyín. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan ni àǹfààní pọ̀ jù. Ife wàrà kan lè gbà yín lọ́wọ́ eyín àtọwọ́dá tí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Kí ló wà nínú owó tí wọ́n ń gbà?

Ọ̀pọ̀ wa máa ń bèèrè pé, "Èló lẹ ń yọ eyín?" Ìbéèrè náà dáa, ṣùgbọ́n kò tó. Owó yíyọ kì í dá wá. Ẹ wo ohun tó sábà máa ń wà lórí ìwé:

1. owó consultation, ìyẹn pé kí dókítà wo ẹnu yín;
2. owó radio, bó bá pọn dandan;
3. abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ dùn nígbà iṣẹ́;
4. iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: dídí, yíyọ tàbí lílà. Eyín tó ní gbòǹgbò púpọ̀, tàbí tó ti kán mọ́ inú ẹran, máa ń wọ́n ju eyín iwájú lọ, àti eyín ọgbọ́n tó dùbúlẹ̀ sínú eegun pàápàá;
5. oògùn tó wà lórí ordonnance;
6. pípadà wá kí dókítà lè wo ibi tó ṣiṣẹ́ sí.

Lẹ́yìn èyí, owó tí kò sí lórí ìwé kankan tún wà: owó tasí àti zẹ́mì, oúnjẹ ọ̀nà, àti ọjà tí ẹ ò ní lè tà lọ́jọ́ náà. Láti Kétu dé Kútọnu ju 100 kìlómítà lọ. Láti Ṣábẹ, ó ju 200 lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, owó ọkọ̀ nìkan lè ju owó iṣẹ́ tí dókítà ṣe lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ kí ẹ tó sọ pé ibì kan wọ́n, ibì kan kò wọ́n.

Owó kò dọ́gba láti ibì kan sí èkejì. Nítorí náà, ẹ bèèrè devis. Ìwé tí wọ́n ń kọ iye owó iṣẹ́ sí ṣáájú iṣẹ́ ni, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti bèèrè rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ lè sọ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, èló ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́? Ṣé radio àti abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀?" Bó bá jẹ́ Faransé nìkan lẹni náà gbọ́, ẹ ní: « Je voudrais un devis, s'il vous plaît. » Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí:

- Èwo ló gbọ́dọ̀ ṣe lónìí, èwo ló lè dúró di oṣù tó ń bọ̀?
- Ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí owó rẹ̀ kéré, kí sì ni àléébù rẹ̀?
- Ẹ̀ẹ̀mélòó ni màá padà wá?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ń dín owó kù jù lọ. Iṣẹ́ pàjáwìrì kì í ju pé kí dókítà pa ìrora, kó tú ọyún jáde, kó sì dí ọ̀nà àkóràn. Adé eyín, fífọ gbogbo eyín, rírọ́pò eyín tó ti lọ, gbogbo ìwọ̀nyẹn lè dúró de owó. Nínú dévitalisation pẹ̀lú, dókítà lè ṣí eyín náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ìrora lọ, kó fi oògùn sí i, kó dí i fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa san owó bí ẹ ṣe ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ parí rẹ̀ o. Eyín tí wọ́n ṣí tí wọn kò parí máa ń padà wá pẹ̀lú ọyún, owó àkọ́kọ́ á sì ti ṣòfò.

Ká yọ ọ́ ńkọ́? Yíyọ ló sábà máa ń rọrùn lówó lọ́jọ́ náà, ìgbà mìíràn sì wà tí kò sí ọ̀nà míì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ eyín tó ṣe é gbà là, ẹ rò ó dáadáa. Àlàfo tó bá ṣí sílẹ̀ máa ń mú kí àwọn eyín tó kù wọ́, jíjẹun á yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹ bá sì fẹ́ rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó ná ju ohun tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lọ.

Ibo ni ká lọ?

Ní Bẹ̀nẹ̀, agbègbè ìlera 34 ni ìjọba pín orílẹ̀-èdè sí, tí wọ́n ń pè ní zone sanitaire. Kétu, Pobẹ̀ àti Adja-Ouèrè wà nínú ọ̀kan. Ṣákẹ́tẹ́ àti Ifangni wà nínú ọ̀kan. Ṣábẹ àti Ouèssè náà wà nínú ọ̀kan. Centre de santé tó wà ládùúgbò yín ni ẹ̀kọ́kọ́ ìlẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lè má yọ eyín, ṣùgbọ́n ó lè wò bóyá ọ̀rọ̀ náà le, ó lè fún yín ní oògùn ìrora tó bófin mu, ó sì lè kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sí hôpital de zone. Ẹ má fojú kéré ìwé yẹn. Àwọn assurance àti mutuelle púpọ̀ kì í sanwó bí kò bá sí i.

Kẹ́ ẹ tó gbéra lọ sí hôpital de zone, ẹ pè wọ́n tàbí kí ẹ rán ẹni tó wà nítòsí lọ bèèrè: ṣé ẹni tó ń tọ́jú eyín wà níbẹ̀, ọjọ́ wo ló máa ń wá, ṣé àga àti radio rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ìpè fóònù kan lè gbà yín lọ́wọ́ ìrìn àjò asán. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju ìyẹn lọ, ọ̀pítàlì ńlá ti Ouémé àti Plateau wà ní Àjàṣẹ́, CNHU Hubert Koutoukou Maga sì wà ní Kútọnu. Kíliníkì aládàáni náà wà, pàápàá ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ dúró pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gba devis kí ẹ tó jókòó sórí àga.

Àwọn ará Kétu míì máa ń gba Ìlárá kọjá sí Nàìjíríà, àwọn ará Ṣákẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́ náà sì ń kọjá síbẹ̀, nítorí pé náírà ti já sílẹ̀ sí owó sẹ́fà. Kò burú, ẹbí wa ló wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó ọkọ̀ àti owó ojú ọ̀nà kún un, kí ẹ sì bi ara yín pé: bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ta ni màá padà lọ bá? Fún iṣẹ́ tí wọ́n á ṣe lẹ́ẹ̀kan tí yóò parí, ó lè dáa. Fún èyí tó ń fẹ́ pípadà lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀nà tí a lè gbà rówó san

*Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ẹlòmíì ló yẹ kó san.* Bó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni eyín ti kán, tí ọ̀gá yín sì ń san CNSS fún yín, ọ̀rọ̀ accident de travail ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá kọ ìwé rẹ̀ kíákíá. Bó bá jẹ́ pé mọ́tò ló gbá yín, assurance ọkọ̀ jẹ́ dandan lábẹ́ òfin ní Bẹ̀nẹ̀ àti Togo. Ẹ pe ọlọ́pàá kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì pa gbogbo ìwé owó mọ́. Bó bá jẹ́ pé ilé ìwé ni ọmọ ti ṣubú, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé bóyá owó tí ẹ san níbẹ̀rẹ̀ ọdún ní assurance scolaire nínú. Ọ̀pọ̀ òbí san án láìmọ̀.

*ARCH àti AMU.* Ní Bẹ̀nẹ̀, ètò ARCH tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní apá mẹ́rin: assurance ìlera, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, owó kékeré yíyá fún òwò, àti owó ìfẹ̀yìntì. Ní ti ìlera, àwọn ìdílé tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ pé wọn kò ní rárá ni ìjọba ń sanwó fún. Guichet unique de protection sociale tó wà ní commune yín ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá orúkọ ilé yín wà níbẹ̀. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ yín lọ. Ẹ má kàn bèèrè pé "Ṣé ARCH ń sanwó?", ẹ dárúkọ iṣẹ́ náà: ṣé yíyọ eyín wà nínú rẹ̀, ṣé ọyún lílà wà nínú rẹ̀, ọ̀pítàlì wo ni? Ní Togo, AMU ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2024; INAM àti CNSS ló ń darí rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ẹni tí kò sì ní nǹkan kan, tó ti wà ní ọ̀pítàlì ńlá, kó ní kí wọ́n mú òun lọ sí service social kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbèsè sí òun lọ́rùn.

*Mutuelle de santé.* Ẹ ó máa san owó kékeré lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Bí àìsàn bá dé, mutuelle á san apá kan, ẹ̀yin á san ìyókù. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i: ṣé ìtọ́jú eyín wà nínú rẹ̀, oṣù mélòó lẹ ó kọ́kọ́ san kí ẹ tó lè jẹ àǹfààní rẹ̀, àti apá wo ni wọ́n ń san. Mutuelle kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀ lọ́jọ́ tí eyín ń dùn.

*Àpótí ẹgbẹ́.* Ibí yìí la ti lágbára jù. Kò sí ọjà wa tí wọn kì í ti í dá àjọ, tí àwọn ará ìlú ń pè ní tontine. Ṣùgbọ́n àjọ lásán ní ìwọ̀n tirẹ̀: ẹni tó bá kan ló ń kó o, eyín sì lè dùn yín kó tó kàn yín. Ohun tó dára ni kí ẹgbẹ́ ya owó kékeré sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjọ, fún pàjáwìrì ìlera nìkan. Ẹ wo ìṣirò yìí. Bí obìnrin 20 nínú ẹgbẹ́ kan bá ń dá 100 sẹ́fà péré lọ́sẹ̀, 2 000 ni lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ 52, ó di 104 000. Ẹni kọ̀ọ̀kan ò tíì san ju 5 200 lọ lọ́dún. Kì í sì ṣe gbogbo èèyàn 20 ni eyín máa dùn lọ́jọ́ kan náà.

Kí àpótí náà má baà túká, ẹ fi òfin mẹ́rin sí i: devis tàbí ìwé dókítà ni wọ́n fi ń gba owó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, bó bá ṣeé ṣe, ọ̀pítàlì ni kẹ́ ẹ sanwó fún tààrà, ẹni tó gbà á á dá apá kan padà díẹ̀díẹ̀ láìsí èlé, èèyàn mẹ́ta ni kó sì máa tọ́jú rẹ̀: ọ̀kan mú ìwé, ọ̀kan mú kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan mú owó.

*Ẹbí tó wà lókè òkun tàbí ní ìlú ńlá.* Ọmọ tó wà ní Faransé, ní Gabon tàbí ní Abidjan kì í kọ̀ bí wọ́n bá sọ òótọ́ fún un. Ohun tó ń mú kí ọwọ́ wọn wúwo ni pé wọn kò mọ̀ bóyá eyín ló máa fi owó náà ṣe. Ẹ ya fọ́tò devis náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ẹni tó rí ìwé máa ń yára fi Mobile Money ránṣẹ́ ju ẹni tó kàn gbọ́ pé "eyín ń dun ìyá" lọ. Àwọn mẹ́ta lè pín in láàárín ara wọn, kó má baà wọ ẹnì kan lọ́rùn.

*Owó yíyá.* Bó bá di dandan, ẹ lọ bá CLCAM tàbí ilé owó kékeré tí ẹ ti ní ìwé níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bèèrè iye tí ẹ máa dá padà lápapọ̀. Microcrédit Alafia tí ìjọba ń fún àwọn obìnrin, owó òwò ni. Ẹni tó bá fi san owó eyín gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjà tí kò rà kò lè bá òun dá a padà. Ní ti àwọn tó ń yáni lówó lójú títì pẹ̀lú èlé tó ń gorí ara wọn, ẹ jìnnà sí wọn. Eyín á ti jinná, gbèsè náà ò ní tíì jinná.

*Ìtọ́jú ọ̀fẹ́.* Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn dókítà máa ń wá sí ìlú fún ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Ọkọ̀ ojú omi Mercy Ships náà ti gúnlẹ̀ sí Kútọnu, ní ọdún 2009 àti láti 2016 sí 2017, wọ́n sì tọ́jú eyín lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ irú rẹ̀ lórí rédíò tàbí lẹ́nu gbohùngbohùn ìlú, ẹ lọ tètè, kódà bí eyín kò bá dùn yín. Ìgbà tí kò dùn yẹn gan-an ni dídí máa ń tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú kò lè dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Owó kékeré tó ń bí owó ńlá

Àwọn nǹkan kan wà tó dà bí ọ̀nà láti fi owó pamọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń gbówó lọ.

Oògùn ojú títì ni àkọ́kọ́. Ní ọdún 2017, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbógun ti ọjà oògùn Adjégounlè ní Dantokpa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìkan. Oògùn tó ti jó nínú oòrùn tàbí tí kò ní nǹkan kan nínú kò lè wo àkóràn. Ní fámásì, ẹ sọ pé générique lẹ fẹ́. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, owó rẹ̀ ló kéré.

Antibiotique láìsí dókítà ni èkejì. Ó lè dín wíwú kù fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dí ihò, kò sì lè yọ eyín tó ti kú. Bí ìdí ọ̀rọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ó ń padà bọ̀, oògùn náà sì lè má ràn án mọ́.

Oògùn ìrora tí a ń gbé mì láìka iye ni ẹ̀kẹta. Paracétamol ló dára jù láti fi dúró de dókítà. Fún àgbàlagbà, ẹ má kọjá hóró 500 mg mẹ́fà ní wákàtí 24 láìjẹ́ pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ti ọmọdé, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti wú, ẹ má dá ibuprofène lò fúnra yín: ní ọdún 2019, àwọn tó ń ṣàkóso oògùn ní Faransé kìlọ̀ pé ó lè mú kí àkóràn le sí i. Ẹ má sì fi aspirine lé ẹran ìdí eyín, ó máa ń jó o.

Ẹ̀kẹrin ni omi bátìrì, epo bẹntiróòlù tàbí oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń fi sínú ihò. Ó ń jó ẹnu, ó ń jó ọ̀fun, ó sì ń sọ àìsàn kan di méjì. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú iyọ̀ kò lè ṣe yín ní ibi. Kànáfùrù náà máa ń dín ìrora kù díẹ̀, àwọn dókítà eyín pàápàá ń lo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n dúró de dókítà ni o, ẹ má fi wọ́n rọ́pò rẹ̀.

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù

Ẹ máa fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ti alẹ́ má sì yẹ̀. Ẹ wo ara tube ọṣẹ ìfọyín: kí fluor wà nínú rẹ̀, láàárín 1 000 sí 1 500 ppm. Ní ọdún 2021, àjọ ìlera àgbáyé, OMS, fi irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé oògùn tó ṣe pàtàkì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Orín tí àwọn bàbá wa ń rún dáa, ẹ má jù ú nù. Ẹ rún un, kẹ́ ẹ sì tún lo ọṣẹ tó ní fluor, nítorí òun ló ń mú ara eyín le. Ẹ dín bọ́ńbọ́ọ̀nù àti ohun mímu aláìlọ́tí kù fáwọn ọmọ, pàápàá láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ.

Ní alẹ́ òní, ẹ fi iná wo ẹnu àwọn ọmọ yín. Bí ẹ bá rí ihò dúdú kan tí kò tíì dùn, inú yín ló yẹ kó dùn, nítorí ẹ ti rí i nígbà tí owó rẹ̀ ṣì wà lápò. Ẹ má dúró kó di ẹkún òru. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ àpótí ẹgbẹ́ yìí lọ àwọn tí ẹ jọ ń tajà ní ìpàdé yín tó ń bọ̀.

Àlàáfíà á jẹ́ tiwa o.